Ọ̀run, Ilẹ̀ àti Rinrin Ẹ̀yìn Balùwẹ̀



Mo mọ̀ pé mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ Ogbè Méjì la ó máa bá lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ foríjì mí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi tí kò jẹ́ kí n lè jókòó kọ nǹkan mìíràn. Ó kan Ifá, ó kan òjò, ó kan ewé. Ó sì kan ìtìjú èmi fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ awo gbọ́dọ̀ lè fi ibi tó ti ṣubú hàn wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá sílé mi n'Ìbàdàn mọ ọgbà ewé mi. Kò tóbi. Pèrègún ló yí i ká, akòko kan ṣoṣo wà ní igun, ewúro wà níbẹ̀, ẹfinrin náà wà níbẹ̀. Apá kan jẹ́ ti ìyàwó mi, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ló wà lórí ebè tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé apá tòun ló wúlò jù torí òun là ń jẹ. Apá tèmi ni òdúndún, rinrin àti wọ́rọ́wọ́, àwọn ewé ẹ̀rọ̀ tí kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ ṣe iṣẹ́ òrìṣà tí kò ní wá wọn kiri.

Ní ìparí oṣù kejì, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ọyẹ́ ti fi eruku bo gbogbo ewé, ètè èèyàn ti là, ooru ò jẹ́ ká sùn mọ́, lójijì ni ìjì jà, àrá sán, omi sì dà wálẹ̀ bí ẹni tú àmù. Òórùn ilẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọdé bọ́ síta, wọ́n ń jó nínú òjò. Èmi alára dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti da ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ara mi. Odù tó jáde ni Ogbè Ògúndá, tí a tún ń pè ní Ogbè Yọ́nú. Kò sí ọmọ awo tí kò mọ ohun tí odù yìí máa ń bá èèyàn wí. Ó ń ké mọ́ ìbínú, ó ń ké mọ́ ìwàǹwára, ó ń gbé sùúrù ga. N kò ní kì í síbí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kíkì rẹ̀, kó wá bá mi nílé. Èmi gbọ́ ọ, mo ṣẹbọ, mo sì pinnu pé ìyàwó mi ni Ifá ń wí. Èmi àti ẹ̀ ti ní gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ nípa owó iná mànàmáná. Mo ní kò burú, n ó ní sùúrù fún un. Ẹ wo ìgbéraga! Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ náà lè kan ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi.

Ilẹ̀ mọ́ tán, mo bọ́ sínú ọgbà. Mo hú òdúndún tó wà lábẹ́ òjìji, mo lọ́ ọ sí gbangba kó lè gbòòrò. Mo kó rinrin kúrò létí gọ́tà, mo tò ó lórí ebè tuntun. Mo fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé mo ti ṣèlérí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ní oṣù kẹrin, bí a bá ń lọ tẹ̀ ẹ́ nífá, ewé inú ọgbà mi la ó lò, a ò ní ra èyí tó ti rọ ní ọjà. Mo fi ọ̀rọ̀ náà yangàn dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹrin tẹ̀tẹ̀ hù. Ó hù pẹ̀lẹ́bẹ́ bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò kò padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ kẹta. Kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, omi tí a ń rà kò tó fún ìwẹ̀ àti ìdáná, ká tó sọ ti ewé. Tẹ̀tẹ̀ kọ́kọ́ tẹrí ba, ó wá pọ́n, ó wá di eruku. Rinrin kò tilẹ̀ lo ọjọ́ márùn-ún kó tó yọ́ mọ́lẹ̀. Òdúndún nìkan ló gbìyànjú, torí ewé rẹ̀ nípọn, ó ń tọ́jú omi sínú ara; síbẹ̀ oòrùn sun ún títí etí rẹ̀ fi pọ́n bí ẹni tó fara kan iná.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run ná, torí awo tó bá ní òun ń ka Ifá tí kò lè ka ojú ọjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, gbígbẹ ni, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti ojú òkun bọ̀ láti gúúsù, ó rù fún omi. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, ti Sàhárà ló ń borí. Tó bá di oṣù kẹta, ti òkun bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Wọ́n á tì síwá, wọ́n á tì sẹ́yìn. Òjò tó bá rọ̀ nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn jà lọ́wọ́, òjò ìjì ni, ó lè rọ̀ n'Ìbàdàn kó má kan Ìwó. Ó ń rin òkè ilẹ̀ nìkan, kò dé ìsàlẹ̀. Oòrùn oṣù kẹta sì wà ní àárín orí wa gan-an; kí a tó ṣẹ́jú, ó ti gba omi náà padà.

Irúgbìn ò mọ èyí. Omi kan ṣoṣo ti tó láti jí tẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì gùn ju ìka ọmọdé lọ nígbà tí ilẹ̀ tún gbẹ. Ewédú gbọ́n jù ú lọ. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le débi pé àwọn ìyá wa máa ń da omi gbígbóná sí i kí wọ́n tó gbìn ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kàn sùn sínú ilẹ̀ ni. Nígbà tí ti tẹ̀tẹ̀ mi kú tán, ti ewédú ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń sùn. Ìyàwó mi ló rán mi létí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn igi ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrókò ń wọ́wé, àràbà ń wọ́wé, kó má bàa sí ibi tí omi ara wọn á gbà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rúwé tuntun kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí gbòǹgbò wọn ti dé ibi tí omi àtijọ́ wà. Èmi wo igi, mo rí ewé tútù, mo ní ìgbà ti yí padà. N kò rántí pé gbòǹgbò tèmi kò gùn tó ti ìrókò.

Ìbàdàn a máa rí bíi mìlímítà 1,200 sí 1,300 òjò láàárín ọdún kan. Omi yẹn pọ̀. Ìgbà tó ń rọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: àkọ́rọ̀ tó ń ṣe ségesège, òjò gidi tó ń le ní oṣù kẹfà àti keje, ìsinmi oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá ti lọ sí òkè Ọya, òmíràn ní oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá, lẹ́yìn náà àrọ̀kúrò. Ọdún Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ń bọ́ sí ìsinmi oṣù kẹjọ yẹn. Ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀ ń bọ́ sí oṣù kẹfà tí ewé pọ̀ jù. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tó ṣètò ọdún wa wo ilẹ̀, wọ́n wo òkè.

Ní báyìí, ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Olúwo mi nìyí. Ọ̀run àti Ilẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jọ lọ dẹ ìgbẹ́. Láti òwúrọ̀ di alẹ́, emó kan péré ni wọ́n rí pa. Ta ni yóò mú un? Ọ̀run ní òun lẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ní rárá, òun lẹ̀gbọ́n, òun ni gbogbo wọ́n ń tẹ̀ rìn. Emó kan ṣoṣo! Wọ́n bá a débi pé Ọ̀run bínú, ó fi emó sílẹ̀, ó gbọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tó délé, ó ká òjò mọ́ ọwọ́. Iṣu ta, kò di iṣu. Àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, kò gbó. Odò gbẹ. Ìyá ń tọ́ ọmọ, ọmú kò sun. Ilẹ̀ tó ní òun lẹ̀gbọ́n wá là bí ẹsẹ̀ arúgbó.

Wọ́n tọ Ifá lọ. Ifá ní kí wọ́n rúbọ, kí wọ́n gbé e dé ọ̀run. Ta ni yóò gbé e? Àwọn ẹyẹ gbìyànjú, ó tì. Igún, tí gbogbo wọn ń yọ ṣùtì sí, òun ló gbé e dé. Ọ̀run gba ẹbọ, ó tú òjò sílẹ̀. Òjò náà pọ̀ débi pé Igún fúnra rẹ̀ kò rí ibi sá sí nígbà tó ń padà bọ̀. Ilé ẹyẹ tó bá yà sí, wọ́n á fi ẹnu ṣá a lórí, wọ́n á lé e jáde. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti pá títí dòní.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń sọ ìtàn yìí, Ọ̀run la máa ń dá lẹ́bi, tàbí ká ní ẹbọ ló parí ọ̀rọ̀. Èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni méjì ló jà. Ilẹ̀ náà kọ̀ láti gbà. Òjò lè rọ̀ kí ilẹ̀ má gbà á.

Mo wo ẹ̀yìnkùlé mi lójú ìtàn yìí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí owó díẹ̀ wọlé, mo fi íńtálọ́ọ̀kì bo iwájú ilé, mo da kọnkéré sí apá kan ẹ̀yìn, kí àwọn àlejò má bàa tẹ ẹrẹ̀. Ibi tó kù fún ewé, mo máa ń gbá a láràárọ̀ bí ẹni ń gbá ààfin. Kò sí ewé gbígbẹ kan lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà mi wà ní ìhòòhò. Bí òjò bá rọ̀, ó ń ṣàn kọjá lórí kọnkéré, ó ń wọ gọ́tà, ó ń lọ bá ìsàlẹ̀ àdúgbò jà. Bí oòrùn bá ràn, kò sí aṣọ lára ilẹ̀. Èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, mo wá ń wo òkè, mo ń bèèrè pé kí ni mo ṣe.

Oṣù kẹrin dé. Àwọn ará ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti dé láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin, wọ́n sọdá bodè pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà. Ewúrẹ́ ti wà lórí ìso, obì àti orógbó ti wà nílẹ̀, wọ́n ti gún iyán fún àlejò. Òdúndún, mo rí díẹ̀ kó jọ. Tẹ̀tẹ̀, mo rà á. Rinrin, kò sí. Mo lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà méjì. Èyí tí wọ́n ní ti rà nínú ọ̀rá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ rinrin mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú ara rẹ̀, ewé tó dà bíi díńgí, kì í dúró de èèyàn.

Mo gbé e lọ bá Olúwo mi. Mo ní ṣé a ò lè fi èyí ṣe é, àbí ká fi nǹkan mìíràn dí i. Bàbá wo ewé inú ọ̀rá náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ewé ẹ̀rọ̀ lo fẹ́ fi èyí pè? Ta ló fẹ́ fi òkú tu ara rẹ̀?" Wọ́n ní a ò ní wọ igbódù lọ́jọ́ náà. Ká lọ wá a.

Mo ní láti lọ kúnlẹ̀ fún ìyá arúgbó tó ti Kétu wá, kí n sọ fún wọn pé nítorí ewé tí mo ti fi yangàn, ètò ti yẹ̀. Wọn ò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bàbá Awo, ilé ta ni omi balùwẹ̀ ti ń sun síta ládùúgbò yín?"

Ilé ìyá kan wà ní òdìkejì ọ̀nà wa. Ọkọ wọn ti kú. Ògiri wọn ti hu ewé, ẹ̀yìn balùwẹ̀ wọn kò ní sìmẹ́ǹtì, àwọn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ ilé yẹn láìdáa rí. Mo ti ní ó ń ba ojú àdúgbò jẹ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, rinrin bo ìdí ògiri pitimu, ó tutù, ó ń dán, bí ẹni pé kò gbọ́ pé ọ̀dá wà. Omi ìwẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́, òjìji ògiri, àti ilẹ̀ tí a fi ewé gbígbẹ bò. Ìyẹn ti tó.

Ìyá ní kí a já a. Wọ́n ní àwọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé a ń lò ó fún nǹkan, pé àwọn rò pé èpò ni. Mo rántí ìtàn tí gbogbo wa mọ̀, bí Ọ̀rúnmìlà ṣe ní kí Ọ̀sanyìn lọ ro oko, tí Ọ̀sanyìn dé ibẹ̀ tó kọ̀ láti gé ewé kankan, torí pé èyí ń wo ibà, èyí ń wo inú rírun, kò sí èyí tí ó jẹ́ èpò. Mo máa ń sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ kékeré. N kò mọ̀ pé mo ti di ẹni tó ń ro oko náà.

A tẹ ọmọ náà nífá lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá tẹ́lẹ̀. Ó dára. Ohun tó kù, ti igbódù ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń bèèrè pé ṣé babaláwo lè mú òjò rọ̀, ṣé ó lè dá a dúró: àwọn tí wọ́n ń pè síbi ìnáwó láti dá òjò dúró, ẹ bi wọ́n. Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ifá sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù kí n tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, èmi ni n kò gbọ́. Àjọ NiMet náà ń sọ lọ́dọọdún ìgbà tí wọ́n rò pé òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń ka tiwọn báyìí. Kò bá Ifá jà. Ẹni tí Ifá ní kó ṣe sùúrù, kò sí ohun tó burú nínú kó mọ iye ọ̀sẹ̀ tí sùúrù náà lè gbà.

Ọ̀pọ̀ yín ti bèèrè bí ẹ ṣe lè ní ewé ẹ̀rọ̀ nílé. Ẹ má gbin nǹkan kan lẹ́yìn òjò kìíní. Ẹ dúró títí òjò á fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin tí kò jìnnà síra, kí ẹ wá fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ó bá tutù dé ìsàlẹ̀ ìka, ó tó. Ẹ má fi òdúndún sí ibi tí omi ń dúró sí ní oṣù keje, ìdí rẹ̀ á rà. Rinrin ló fẹ́ ibẹ̀. Pèrègún àti akòko, ẹ gé ẹ̀ka, ẹ kì í bọlẹ̀ nígbà òjò gidi, wọn kì í yọni lẹ́nu. Ẹfinrin á yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má já gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ yéé gbá a.

Tẹ̀tẹ̀ ìyàwó mi ti tún hù, lẹ́yìn òjò oṣù karùn-ún. Ewédú tó sùn náà ti jí, ó ti ga dé orúnkún. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ nífá yẹn gbé òòlù, a fọ́ kọnkéré ẹ̀yìn ilé, láti ẹnu balùwẹ̀ títí dé ìdí pèrègún. Ìyá òdìkejì ọ̀nà fún wa ní rinrin inú garawa kan. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé ká rọra, páìpù omi wà níbẹ̀.